Ilé rírà ní Johannesburg: Kí ló yẹ kí èèyàn mọ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀wé?

Ní ọdún 2019, obìnrin kan ra ilé ní àdúgbò Forest Town, nílùú Johannesburg, ní mílíọ̀nù mẹ́fà owó rand. Ó ti kọ́kọ́ san R500,000 gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀. Nígbà tó ku R5.5 mílíọ̀nù tí yóò san, ó gba ímeèlì kan tó jọ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò tó ń bójú tó ìwé ilé náà ló ti wá. Nọ́ńbà àkáǹtì tí yóò sanwó sí wà nínú rẹ̀. Obìnrin náà lọ sí báńkì, ó sì fi owó náà ránṣẹ́. Àṣé àwọn gbájúẹ̀ ti wọ inú ímeèlì rẹ̀, wọ́n ti yọ nọ́ńbà àkáǹtì àwọn agbẹjọ́rò kúrò nínú ìwé náà, wọ́n sì ti fi tiwọn rọ́pò rẹ̀.

Ó gbé ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò náà lọ sí kóòtù. Ní oṣù Kínní ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Johannesburg dá a láre, pé ó yẹ kí àwọn agbẹjọ́rò náà ti kìlọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Àwọn adájọ́ tọ́ka sí i pé àwọn ajẹ́ńtì tó bá a wá ilé ti kìlọ̀ fún un nípa irú jìbìtì yìí nígbà tó fẹ́ san àsansílẹ̀, àti pé nígbà náà, ó pè wọ́n lórí fóònù láti rí i dájú pé àkáǹtì tòótọ́ ni. Kò tún irú ìpè bẹ́ẹ̀ ṣe kó tó san owó tó pọ̀ jù.

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìkòròdú tàbí ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn yóò rí i pé ewu tó wà nínú ìtàn yìí yàtọ̀ sí èyí tó mọ̀. Nílé, ohun tí olùrà ń bẹ̀rù ni ọmọ onílẹ̀, ilẹ̀ kan tí wọ́n tà fún ẹni mẹ́ta, àti ẹjọ́ mọ̀lẹ́bí tó ń ti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní Johannesburg, ìwé ilé fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Ojú ọ̀nà tí owó ń gbà kó tó dé ibi ìwé náà ni jàǹbá wà, àti nínú àwọn nǹkan kéékèèké tí ẹni tó wá láti òkèèrè kì í sábà béèrè.

Àwọn àdúgbò tí òfin pín

Góòlù ló bí Johannesburg. Ọdún 1886 ni wọ́n rí i ní oko tó ń jẹ́ Langlaagte, kò sì pẹ́ tí ìlú ńlá fi dìde níbi tí kò sí èbúté tàbí odò ńlá kankan. Àwọn ọlọ́lá tó ni ibi ìwakùsà kọ́ ilé wọn sórí òkè Parktown, ní ìhà àríwá, níbi tí eruku kùsà kò ti ní máa yọ wọ́n lẹ́nu. Ìhà gúúsù ni wọ́n ti àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú sí. Títí di òní, bí ará Johannesburg bá sọ pé òun ń kó lọ sí ìhà àríwá, ọ̀rọ̀ owó ló ń sọ.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1913 ti sọ pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ àyàfi ní ibi díẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Alexandra bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí nítorí pé ọdún 1912 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú sì lè ní ilẹ̀ níbẹ̀ lórúkọ ara wọn. Sophiatown náà jẹ́ ibi tí aláwọ̀ dúdú ti ní ìwé ilẹ̀. Lẹ́yìn òfin ọdún 1950 tó pín àwọn àdúgbò ní ẹ̀yà ní ẹ̀yà, àwọn ọlọ́pàá wọ Sophiatown ní oṣù Kejì ọdún 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Meadowlands, tó jẹ́ ara Soweto lónìí. Wọ́n wó ilé wọn, wọ́n kọ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun síbẹ̀, wọ́n sì sọ àdúgbò náà ní Triomf, tó túmọ̀ sí ìṣẹ́gun lédè Afrikaans. Ọdún 2006 ni orúkọ Sophiatown tó padà sípò rẹ̀.

Ọdún 1991 ni wọ́n fagi lé àwọn òfin wọ̀nyí. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún ní Soweto lónìí lè rántí ìgbà tí bàbá rẹ̀ kò lè ra ilé ní Melville tàbí ní Houghton, bó ti wù kí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó. Houghton yìí kan náà ni Nelson Mandela gbé títí tó fi kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2013.

Hillbrow, Berea àti Yeoville ní ìtàn tiwọn. Kí òfin tó yí padà rárá ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń kó wọ ibẹ̀. Àwọn báńkì dáwọ́ dúró láti máa yáni lówó ra ilé níbẹ̀, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun kó lọ sí Sandton àti àyíká rẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé sì pa ilé wọn tì. Lẹ́yìn ọdún 1994, àwọn àlejò láti Congo, Zimbabwe, Nàìjíríà àti ibòmíràn rí yàrá níbẹ̀. Ní ọjà Yeoville, kò ṣòro láti rí ẹja gbígbẹ, gàrí àti iṣu. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń pọ̀ tí iṣẹ́ sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà máa ń wá ilé lọ sí ibòmíràn, pàápàá sí Kempton Park ní ẹ̀bá pápákọ̀ òfuurufú, tí kì í tilẹ̀ ṣe ara ìjọba ìlú Johannesburg bí kò ṣe ti Ekurhuleni.

Ìwé wo ló ń fi ẹni tó ni ilé hàn?

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. C of O tí gbogbo èèyàn ń sáré wá jẹ́ àṣẹ láti lo ilẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ fún ọdún 99. Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹni tó bá ra ilé pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ni ín pátápátá, kò sí iye ọdún kan tí yóò pé tí yóò dá a padà. Òfin ọdún 1937 ló gbé àwọn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ ró, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Johannesburg. Orúkọ tó bá wà nínú ìwé ọ́fíìsì yìí ni òfin mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé, rìsíìtì àti ẹlẹ́rìí kò lè dípò rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ló lè san owó díẹ̀ kó sì wo inú ìwé náà, yálà ó jẹ́ ọmọ onílùú tàbí àlejò. Yóò rí orúkọ ẹni tó ni ilé, iye tó rà á, àti báńkì tó bá ṣì ní gbèsè lórí rẹ̀. Ìwọ̀nba owó yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìnáwó mìíràn.

Ìfọwọ́sí kan ṣoṣo

Òfin ọdún 1981 sọ pé àdéhùn ilé títà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kí olùtà àti olùrà sì fọwọ́ sí i. Àdéhùn orí ahọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣìnà nìyí, nítorí pé ìwé tí ajẹ́ńtì máa ń gbé síwájú olùrà, orúkọ rẹ̀ dà bí ohun tí kò wúwo: ìwé tí èèyàn fi ń sọ iye tó fẹ́ san. Ẹni tó ti mọ ìdúnàádúrà nílé lè rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí olùtà bá ti fọwọ́ sí ìwé náà, àdéhùn ti di. Bí ilé náà kò bá ju R250,000 lọ, òfin fún olùrà ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti yí ọkàn padà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí àyè ìyípadà, àyàfi ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé náà fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí yóò yá owó báńkì gbọ́dọ̀ rí i pé a kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí báńkì kò bá fọwọ́ sí ẹ̀yáwó náà láàárín ọjọ́ báyìí, àdéhùn ti tú. Láìsí gbólóhùn yìí, báńkì lè kọ̀, kí olùrà sì ṣì wà lábẹ́ àdéhùn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó yẹ kí ojú èèyàn tètè rí nínú ìwé náà ni voetstoots. Òun ló túmọ̀ sí pé bí ilé ṣe wà ni olùrà gbà á, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀. Olùtà kò lè fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí bó bá mọ̀ nípa àléébù náà tó sì fi í pamọ́, ṣùgbọ́n olùrà ni yóò fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní kóòtù, èyí tí kò rọrùn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2022, òfin tuntun kan ti mú un ní dandan pé kí olùtà kọ gbogbo àléébù tó mọ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan, kí ó sì fọwọ́ sí i. Òfin kan náà ló sọ pé ajẹ́ńtì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso wọn. Ajẹ́ńtì tí kò ní ìwé yìí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ kankan.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ilé ní Johannesburg ló ní yàrá tàbí ilé kékeré ní ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n fi ń gba ayálégbé, owó ayálégbé wọ̀nyí sì ni ajẹ́ńtì fi máa ń dẹ olùrà lójú. Ó yẹ kí olùrà béèrè fún pílánù tí ìjọba ìlú fọwọ́ sí. Bí yàrá ẹ̀yìn kò bá sí nínú pílánù, ìjọba ìlú lè pàṣẹ nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ti onílé tuntun. Ìwé ẹ̀rí tún wà tó ń fi hàn pé wáyà iná inú ilé kò léwu. Olùtà ló sábà máa ń pèsè rẹ̀.

Ẹlòmíràn ló yan agbẹjọ́rò, olùrà ló ń san owó rẹ̀

Àṣà ibẹ̀ lè ya àlejò lẹ́nu: olùtà ló sábà máa ń yan agbẹjọ́rò tí yóò gbé ilé kọjá sórúkọ olùrà, ṣùgbọ́n àpò olùrà ni owó iṣẹ́ rẹ̀ ti ń jáde. Ọwọ́ agbẹjọ́rò yìí ni owó ilé máa ń wà, nínú àkáǹtì àkànṣe tí òfin yà sọ́tọ̀ kúrò lára owó tirẹ̀, títí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Oṣù méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń gbà, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Àjọ kan wà tó ń tọ́jú orúkọ gbogbo agbẹjọ́rò tó ní ìwé àṣẹ, àkànṣe owó kan sì wà láti san padà fún oníbàárà bí agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀ bá jí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí irú ààbò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ san owó sí àkáǹtì gbájúẹ̀. Ọ̀nà kan tí a fi lè yẹra fún un ni kí báńkì olùrà kọ ìwé ìdúró pé owó wà, kí owó gan-an má sì kúrò nílẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá forúkọ ilé sílẹ̀. Ẹni tí yóò san owó tààrà kò gbọdọ̀ gba nọ́ńbà àkáǹtì láti inú ímeèlì gbọ́ láìpe ọ́fíìsì agbẹjọ́rò náà, lórí nọ́ńbà fóònù tí kì í ṣe inú ímeèlì yẹn ló ti rí i.

Lẹ́yìn owó agbẹjọ́rò, owó orí ìjọba ló kù. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé tí kò bá ju R1,210,000 lọ kò ní owó orí yìí. Lókè iye yẹn, ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí ohun tó bá lé, títí dé R1,663,800, lẹ́yìn náà ó túbọ̀ ń gòkè. Ẹni tó bá ra ilé ní R1,500,000 yóò san R8,700. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé tuntun tà ni wọ́n ti rà á, VAT ló sábà máa ń wà nínú iye rẹ̀ dípò owó orí yìí.

Ẹ̀yáwó ilé, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní bọ́ǹdì, ló jẹ́ kí ìgbé ayé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé. Nílé, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́lé: búlọ́ọ̀kù lọ́dún yìí, páànù lọ́dún tó ń bọ̀. Ní Johannesburg, olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì lè wọ inú ilé tó ti parí lóṣù tí wọ́n fọwọ́ sí bọ́ǹdì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó ṣe ìṣirò. Ẹni tó bá yá mílíọ̀nù kan rand fún ogún ọdún, ní èlé 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò máa san nǹkan bíi R9,980 lóṣooṣù. Kó tó parí, yóò ti san nǹkan bíi R2.4 mílíọ̀nù. Èlé yìí sì lè gòkè bí báńkì àpapọ̀ bá gbé tirẹ̀ sókè.

Gbèsè ẹni tó ti lọ

Ṣáájú kí ilé tó kọjá sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìjọba ìlú gbọ́dọ̀ fúnni ní ìwé ẹ̀rí pé kò sí gbèsè omi, iná àti owó orí ilé fún ọdún méjì tó ṣáájú. Ìwé yìí ni wọ́n sábà máa ń dúró dè jù ní Johannesburg. Gbèsè tó ti pẹ́ ju ọdún méjì lọ ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìjọba ìlú kan máa ń fi í lé onílé tuntun lórí, wọ́n á sì gé iná rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà, nínú ẹjọ́ Jordaan pẹ̀lú ìjọba ìlú Tshwane, pinnu pé gbèsè onílé àtijọ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ilé lọ bá onílé tuntun. Ẹni tí wọ́n bá gbé irú gbèsè bẹ́ẹ̀ wá bá ní ìdájọ́ yìí lọ́wọ́.

Ti fúláàtì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ra fúláàtì ló ni inú rẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé, àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ agbéniròkè jẹ́ ti gbogbo àwọn onífúláàtì pa pọ̀. Ẹgbẹ́ tí òfin dá sílẹ̀ fún wọn ló ń gba owó lóṣooṣù láti tún un ṣe. Ní Hillbrow àti Berea, iye tí wọ́n ń ta fúláàtì lè wọ èèyàn lójú gan-an tí a bá fi wé ti Rosebank. Ó dára, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀? Nígbà mìíràn, ìdajì àwọn onífúláàtì kò san owó oṣooṣù wọn, ẹgbẹ́ náà jẹ ìjọba ìlú ní gbèsè ńlá, ẹ̀rọ agbéniròkè ti dákẹ́, omi sì fẹ́ di gígé fún gbogbo ilé, ẹni tó san àti ẹni tí kò san. Kí olùrà béèrè fún ìṣirò owó ẹgbẹ́ náà fún ọdún tó kọjá, kí ó sì wo iye tó wà nínú owó àfipamọ́ wọn.

Ibi tí ìpatì ilé lè bá èèyàn dé hàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí iná jó ilé Usindiso ní Marshalltown, ní àárín ìlú. Èèyàn tó lé ní 70 ló kú, àwọn àlejò láti ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn sì wà lára wọn. Ìjọba ìlú gan-an ló ni ilé náà.

Ìwé ọlọ́pàá kì í ṣe ìwé ilé

Ní Soweto, Alexandra àti àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀, oríṣi títà mìíràn wà. Olùtà àti olùrà á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á búra sórí ìwé pé ilé ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kìíní bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì, ọlọ́pàá á lù ú ní òǹtẹ̀. Ó yá, kò wọ́n, ó sì dà bí ìjọba. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé ilé tí wọ́n rà báyìí. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, orúkọ olùtà ló ṣì wà níbẹ̀, bí olùtà bá sì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lè wá gba ilé.

Àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tálákà lẹ́yìn ọdún 1994, tí wọ́n ń pè ní ilé RDP, tún ní òfin tiwọn: ẹni tí wọ́n fún kò gbọdọ̀ tà á fún ọdún mẹ́jọ àkọ́kọ́ láìkọ́kọ́ fi lọ ìjọba. Ẹni tó bá rà á lábẹ́lẹ̀ ra ẹjọ́.

Ṣé àlejò lè ra ilé?

Ó lè rà á. Kò sí òfin tó sọ pé ọmọ Nàìjíríà, Benin tàbí Togo kò gbọdọ̀ ní ilé ìgbé ní Johannesburg. Òfin ìwọlé ọdún 2002 ló sọ pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò ta ilé tàbí yá ilé fún ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè náà láìní ìwé. Ìdí nìyí tí ajẹ́ńtì fi ń béèrè fún físà. Ilé rírà kò sì fúnni ní ìwé ìgbélùú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti san owó fún àwọn tó ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún wọn, òfo ni.

Ẹni tí kì í gbé Gúúsù Áfíríkà kò sábà lè yá ju ìdajì iye ilé lọ lọ́wọ́ báńkì ibẹ̀. Ìdajì yòókù gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wọlé, kí ìwé tó fi ọ̀nà tí owó náà gbà wọlé hàn sì wà ní ìpamọ́, nítorí òun ni báńkì yóò béèrè lọ́jọ́ tí onílé bá tà á tó fẹ́ kó owó rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ títà náà, bí iye ilé bá ju mílíọ̀nù méjì rand lọ, olùrà gbọ́dọ̀ yọ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún àjọ owó orí kó tó sanwó fún olùtà tí kì í gbé ibẹ̀.

Ìgbéyàwó náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ ilé. Bí ọkùnrin tó ń gbé Nàìjíríà nígbà náà bá gbéyàwó, tó wá ra ilé ní Johannesburg, ìwé ilé yóò sọ pé òfin Nàìjíríà ló de ìgbéyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ta ilé náà tàbí fi yá owó, ìyàwó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìyàwó bá wà ní Ìbàdàn, ìwé ni yóò lọ bá a níbẹ̀, níwájú ẹni tí òfin mọ̀. Àwọn ọkùnrin kan kì í rántí èyí títí di ọjọ́ tí agbẹjọ́rò bá béèrè.

Ẹni tó ṣì ń yálé gbé

Ẹni tó bá ti Èkó dé yóò kọ́kọ́ rí ìrọ̀rùn: oṣooṣù ni wọ́n ń san owó ilé, kì í ṣe ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan. Àsansílẹ̀ tí ayálégbé bá fi sílẹ̀ nítorí ohun tó lè bàjẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní àkáǹtì tó ń mú èlé wá, èlé náà sì jẹ́ ti ayálégbé. Bí kò bá sí ohun tó bàjẹ́, láàárín ọjọ́ méje tó bá kó jáde ló yẹ kí owó náà dé ọwọ́ rẹ̀. Kí ayálégbé àti onílé jọ yẹ ilé wò lọ́jọ́ ìkówọlé, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń parí ìjà láàárín wọn láìgba owó.

Kò sí onílé tó lè ju ẹrù ayálégbé síta láìsí àṣẹ kóòtù. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ló sọ ọ́. Ààbò ni fún ayálégbé, ó sì jẹ́ ẹrù fún ẹni tó ra ilé tí àwọn èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ ìlénijáde lè pẹ́ gan-an. Ilé tó ṣófo sàn ju ilé tí olùtà sọ pé wọn yóò kó jáde láìpẹ́.

Iná, omi àti géètì

Ìdákúrekú iná le jù lọ ní ọdún 2023. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024 ló ti dínkù púpọ̀, ṣùgbọ́n omi ti wá di ìṣòro. Orí òkè ni Johannesburg wà, láti odò Vaal ni wọ́n ti ń fa omi gòkè wá, páìpù sì ti gbó. Àwọn àdúgbò tó ga jù ni omi kọ́kọ́ ń dá nídìí wọn. Ẹni tó ń wo ilé lè wá táǹkì JoJo lẹ́yìn ilé, bí wọ́n ṣe ń wo GeePee nílé, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, kì í ṣe ajẹ́ńtì, pé ọjọ́ mélòó ni omi fi dá gbẹ̀yìn.

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn onílé fi géètì dí òpópónà, wọ́n sì gba ẹ̀ṣọ́ aládàáni. Òfin gbà á bí ìjọba ìlú bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n títì gbogbo ènìyàn ló ṣì jẹ́, ẹ̀ṣọ́ kò sì lè sọ pé kí ẹni tó ń kọjá lọ má wọlé. Owó ẹ̀ṣọ́ yìí kò sí nínú ìṣirò báńkì.

Ìkórìíra àjèjì náà wà lára ohun tí àlejò máa ń rò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ìkọlù tó bẹ̀rẹ̀ ní Alexandra tàn káàkiri, èèyàn tó lé ní 60 sì kú. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2015 àti ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ Nàìjíríà padà sílé. Ọ̀pọ̀ ìkọlù wọ̀nyí ṣẹlẹ̀ ní àárín ìlú, ní ìletò àwọn tálákà àti níbi tí ṣọ́ọ̀bù àwọn àlejò pọ̀ sí, kò sábà dé inú àdúgbò onígéètì. Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀.

Ta ni yóò jogún ilé náà?

Ohun tí ìdílé kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nìyí. Bí onílé bá kú láìkọ ìwé ìhágún, òfin Gúúsù Áfíríkà ni yóò pín ilé tó wà ní Johannesburg, kì í ṣe mọ̀lẹ́bí ní Ọ̀ṣogbo tàbí Pọ́tò-Nofò. Kò sí ìdí-igi, kò sí orí-ò-jorí. Opó tàbí ọkọ tó kù àti àwọn ọmọ ló ni ogún. Iye tó tọ́ sí ọmọ kan ni ti opó, tàbí R250,000, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Ìpín àwọn ọmọ dọ́gba, yálà ọkùnrin tàbí obìnrin, àbíkẹ́yìn tàbí dáwódù, títí kan ọmọ tí wọ́n bí sí ìta. Láti ọdún 2004 ni ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin, nínú ẹjọ́ Bhe, ti fagi lé àṣà tó ní àkọ́bí ọkùnrin nìkan ló ń jogún. Bí ìyàwó tàbí ọmọ bá wà, àbúrò olóògbé kò ní ìpín kankan, kódà bó bá jẹ́ pé òun ló fi owó ránṣẹ́ láti ra ilé náà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lè kọ ìwé ìhágún, kí ó fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí àwọn náà fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, nítorí pé ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pàdánù ìpín rẹ̀.